Ẹja Àrọ̀: Àmì Rẹ̀ àti Ibùgbé Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé omi tí ẹja bá ń gbé kò lè pa ènìyàn lára. Ẹni tí ó bá mọ àrọ̀ dáadáa kì yóò gba èrò yìí.

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ara rẹ̀ ń yọ̀. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì le bí egungun. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ni ó yí ẹnu rẹ̀ ká, àwọn ni ó fi ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀. Lẹbẹ kan ṣoṣo gùn láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí dé ẹ̀bá ìrù. Kí ẹni tí ń mú un ṣọ́ra fún ẹ̀gún líle tí ó wà ní lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí ó má sì ṣe ṣi ojìjí mú, èyí tí kò ní lẹbẹ gígùn ní ẹ̀yìn, tí a sì máa gbọn ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án.

Ní 1822 ni William Burchell, ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ẹja yìí ní gariepinus, èyí tí ó wà nínú orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é, Clarias gariepinus, nítorí odò Gariep ní Gúúsù Áfíríkà.

Àbàtà, adágún àti odò tí kò yára ṣàn ni ibùgbé rẹ̀. Nígbà tí òjò bá mú kí odò kún, inú koríko etí odò ni ó ń yé ẹyin sí. Ohun kan wà ní orí rẹ̀ tí ó pẹ̀ka bí igi, èyí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Nítorí náà ni ó fi ń yè nínú omi tí ó ti bàjẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn kò lè gbé. Bí adágún bá ń gbẹ, ó lè fà lọ lórí ilẹ̀ tútù láti wá omi mìíràn.

Níhìn-ín ni ewu wà. Ní agbègbè Ọ̀tà àti Sango, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ń ṣàn sínú àwọn odò bí Atuwara. Bí òjé bá wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, a máa wọ ara ẹja. Sísè tàbí yíyan kò lè mú un kúrò, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Nítorí náà, kí a má ṣe mú àrọ̀ ní ìsàlẹ̀ ibi tí ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ti ń wọ odò, kí a má sì fa omi ibẹ̀ sínú adágún ẹja. Yíyè àrọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé omi mọ́.