Obìnrin Tí Wọ́n Bí Ní Ọjọ́ Tí Kì Í Wá Lọ́dọọdún

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ iná, nítorí ilẹ̀ tí mo fẹ́ mú yín dé lálẹ́ yìí tutù. Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé.

Ní apá àríwá ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lẹ́bàá òkè Ural níbi tí Yúróòpù ti parí, ìpínlẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Komi. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà láti àárọ̀ ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀yà Rọ́ṣíà. Komi ni orúkọ wọn, wọ́n ní èdè tiwọn, ìbátan èdè àwọn ará Fíńláǹdì sì ni. Létí odò Izhma níbẹ̀, abúlé kan ń jẹ́ Mokhcha. Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń dà lágbègbè yẹn, irú àgbọ̀nrín tó ń gbé inú yìnyín, tí wọ́n ń sìn bí Fúlàní ti ń sin màlúù. Bí ìgbà òtútù bá dé, oòrùn á kàn yọjú fún wákàtí díẹ̀, á sì tún wọ̀. Odò á dì gbagidi, èèyàn àti ẹrù á gba orí rẹ̀ kọjá. Èémí tó ń ti ẹnu àgbàlagbà jáde á di yìnyín sí i nírùngbọ̀n.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń rìn nínú yìnyín tó lè mu ni dé itan? Pákó méjì ni. Pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ tẹ̀ sókè. Wọ́n á so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ bàtà, wọ́n á mú ọ̀pá méjì dání, wọ́n á sì máa yọ̀ lọ. Síkì nìyẹn. Ẹ má rò pé ohun ìṣeré àwọn òyìnbó olówó ni látilẹ̀wá. Nílẹ̀ Komi kan náà, lẹ́bàá adágún Sindor, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àjákù síkì kan jáde nínú ẹrẹ̀ tó ti pẹ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Orí ẹranko ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín ni wọ́n gbẹ́ sí i lábẹ́, àwọn onímọ̀ sì sọ pé orí náà ni kì í jẹ́ kí síkì yọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí ẹnikẹ́ni tó to òkúta lé òkúta kọ́ pírámíìdì ní Íjíbítì, ọdẹ kan ti ń lé ẹran lórí pákó méjì nínú yìnyín, ó sì ráyè ṣe ọnà sára pákó ọ̀hún.

Ní Mokhcha yìí ni wọ́n bí Raisa Smetanina sí. Darandaran àgbọ̀nrín ni bàbá rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i: ọjọ́ 29 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1952. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sílé ìwé mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kì í wá lọ́dọọdún. Á yẹra fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìkẹrin ló tó ń padà wá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà á máa yá ọjọ́ mìíràn lò láti fi ṣe ọjọ́ ìbí ni.

Ìyanu àkọ́kọ́ rèé. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe eré Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, inú oṣù Fẹ́búárì ni wọ́n sì ń ṣe é. Láyé ìgbà yẹn, ọdún tí Fẹ́búárì bá ní ọjọ́ 29 gan-an ló máa ń bọ́ sí: 1976, 1980, 1984, 1988, 1992. Bí Òlíńpíìkì bá ti ń parí ni ọjọ́ ìbí Raisa gidi ń dé. Márààrún ló lọ, kò sì sí èyí tó ti bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ọdún 1976, Innsbruck ní Ọ́síríà ló gba àlejò, ṣùgbọ́n Seefeld, ìlú kékeré kan lórí òkè nítòsí ibẹ̀, ni wọ́n ti sá eré síkì ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ọdún 23 ni Raisa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń sá eré náà fún yín, torí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé yíyọ̀ lásán ni. Ọ̀nà náà kì í tẹ́jú. Ìdá kan rẹ̀ jẹ́ òkè gígùn, ìdá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdá kan á máa ga á máa lọ sílẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ẹni tó ń tì ọ́. Apá ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ń fa afẹ́fẹ́ tó tutù bí ẹni ń fa abẹ́rẹ́ sínú. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í sì í dá eré ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pa pọ̀. Ẹnì kan á gbéra, lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú ẹnì kejì á gbéra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe títí á fi kan gbogbo wọn. Ìwọ nìkan lo ń sá nínú igbó, o kò rí ẹni tí ò ń bá jìjàdù, aago nìkan ló mọ ẹni tó ń borí.

Ìda náà tún wà ńbẹ̀. Ìda ni wọ́n ń fi pa abẹ́ síkì kí ó lè di yìnyín mú nígbà tí o bá ń gun òkè, kí ó sì tún jẹ́ kí o yọ̀ nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Yìnyín àárọ̀ yàtọ̀ sí yìnyín ọ̀sán. Èyí tó jábọ́ lóru òní yàtọ̀ sí èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìda tó le wà fún òtútù líle, èyí tó rọ̀ wà fún yìnyín tó ti ń yọ́. Bí wọ́n bá ṣì í mú, akọni tó lágbára jù á máa yọ̀ padà sẹ́yìn lórí òkè, ẹni tí kò tó o á sì kọjá lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Fẹ́búárì, wọ́n sá kìlómítà márùn-ún. Helena Takalo, ọmọ Fíńláǹdì, ló borí. Ohun tó fi ju Raisa lọ kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Raisa kan, Galina Kulakova, ẹ̀gbọ́n wọn nínú eré náà, ló gba ipò kẹta, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé oògùn tó fọ́n sí imú fún ọ̀fìnkìn ní èròjà tí òfin kò fẹ́ nínú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tún pàdé ní kìlómítà mẹ́wàá. Raisa sá a ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá 13. Wọ́n wo aago òun àti ti Takalo, Raisa ló borí. Ẹ mọ iye tó fi borí? Ìṣẹ́jú àáyá kan kò pé: 0.87. Odindi kìlómítà mẹ́wàá lórí òkè àti lábẹ́ òkè, ohun tó ya wúrà sọ́tọ̀ kúrò lára fàdákà kò tó àkókò tí mo fi máa pe orúkọ ọ̀kan nínú yín. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Kulakova àti àwọn méjì mìíràn gba wúrà nínú eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin, níbi tí ẹni tó bá parí ipa tirẹ̀ á fọwọ́ kan ẹni tó kàn kí onítọ̀hún tó gbéra. Wúrà méjì, fàdákà kan, ní Òlíńpíìkì rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní 1980, Lake Placid ní Amẹ́ríkà ni. Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣe yìnyín nìyẹn, torí pé ojú ọ̀run kò fún wọn ní èyí tó tó. Raisa gba wúrà kìlómítà márùn-ún. Ní kìlómítà mẹ́wàá, ipò kẹrin ló bọ́ sí, ọmọ Ìlà Oòrùn Jámánì kan ló gba wúrà rẹ̀. Àwọn ará Ìlà Oòrùn Jámánì náà ló tún borí nínú eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin, àwọn Raisa gba fàdákà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó di ọ̀gá àgbáyé fún kìlómítà ogún ní Oslo, nílẹ̀ Nọ́wè, lọ́dọ̀ àwọn tó ka síkì sí ogún bàbá wọn.

Sarajevo, 1984. Òkè Igman tí wọ́n ti sá eré yẹn, kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tó di ojú ogun, ìbọn ló ń dún níbi tí àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Ọdún yẹn, obìnrin Fíńláǹdì kan tó ń jẹ́ Marja-Liisa Hämäläinen ni kò ṣeé bá sá. Kìlómítà márùn-ún, mẹ́wàá, ogún, òun ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú méjì? Raisa ni. Fàdákà méjì, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọdún 32.

Ẹ fetí sí ibi tí mo dé yìí dáadáa, òun ni ó wú mi lórí jù.

Láti ọjọ́ tí ọdẹ Sindor ti ń rìn lórí síkì, ọ̀nà kan ló gbajúmọ̀: síkì méjèèjì á tọ ojú ipa méjì tó lọ tààrà, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, bí a ti ń rìn. Ọ̀nà yẹn ni Raisa fi gba gbogbo ohun tí mo ti kà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1982, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bill Koch, fi ọ̀nà mìíràn han ayé. Ó ń ṣí síkì sí ìta, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yìnyín, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí àwọn tó ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì. Ó yá ju ti àtijọ́ lọ. Kò sì nílò ìda tó ń di yìnyín mú. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo ọ̀dọ́ ti ń ṣe é. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ ti àtijọ́ àti àwọn tó fẹ́ tuntun, títí àwọn aláṣẹ fi pín in: eré kan fún ti àtijọ́, eré kan fún ti tuntun.

Ọ̀pọ̀ àgbà eléré ni ọ̀nà tuntun yìí lé wọlé. Iṣan mìíràn ló ń lò, ọ̀nà mìíràn ni èèyàn fi ń dúró, ọ̀nà mìíràn ló fi ń mí. Raisa ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó dé. Ó ní wúrà nílé, ó ní orúkọ. Kò sí ẹni tó máa bá a wí tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa sá ti àtijọ́ nìkan. Obìnrin náà kọ́ ọ̀nà tuntun.

Ó dé Kánádà ní 1988. Calgary ló gba àlejò, Canmore ni wọ́n ti sá síkì. Nínú kìlómítà mẹ́wàá ti àtijọ́, ó gba fàdákà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fi í sínú eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin, àwọn mìíràn ni wọ́n mú, wọ́n sì gba wúrà láìsí i. Kìlómítà ogún wá kù, èyí tó gùn jù, ọ̀nà tuntun sì ni wọ́n máa fi sá a. Tamara Tikhonova ló ṣe ìkíní, Anfisa Reztsova ló ṣe ìkejì. Ọmọ ọdún 23 ni àwọn méjèèjì. Ìkẹta ni Raisa Smetanina, tí ọdún 36 rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé. Ọdún méjìlá ló fi ju àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ dúró lórí àga ìṣẹ́gun yẹn.

Ìwọ tó ń bèèrè bóyá ó dúró níbẹ̀, rárá.

Ní oṣù Disẹ́ńbà 1991, orílẹ̀-èdè tó ti ń sá eré fún láti ìgbà èwe rẹ̀, Sófíẹ́ẹ̀tì, tú ká. Nígbà tí Fẹ́búárì 1992 dé, Albertville nílẹ̀ Faransé, àsíá Òlíńpíìkì olóòrùka márùn-ún ni wọ́n gbé fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí àsíá tiwọn kò sí mọ́. Lọ́jọ́ 17, ní Les Saisies, wọ́n mú un fún eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Yelena Välbe sá ti ìkíní, Raisa sá ti ìkejì, Larisa Lazutina sá ti ìkẹta, Lyubov Yegorova parí rẹ̀. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ju Nọ́wè lọ. Méjì nínú wọn, Yegorova ní 1997 àti Lazutina ní 2002, wọ́n fi oògùn tí òfin kò fẹ́ ba orúkọ ara wọn jẹ́ lẹ́yìn náà. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹni tó ń pìtàn fún ọmọdé kò gbọdọ̀ fi apá kan pamọ́. Ṣùgbọ́n wúrà ọdún 1992 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ méjìlá ló kù kí Raisa pé ogójì ọdún. Títí di ìgbà yẹn, kò tíì sí obìnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó gba wúrà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sì pé mẹ́wàá. Sixten Jernberg, akọni ọmọ Swídìn, ní mẹ́sàn-án. Kò sí ọkùnrin, kò sí obìnrin tó ti dé mẹ́wàá rí ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù kí Raisa tó dé e. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: láti 1956 títí dé 1992, ẹ̀ẹ̀mélòó ni ọjọ́ 29 oṣù Fẹ́búárì wá? Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni. Ọdún tó gba ìkẹwàá ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ gidi pé ìkẹwàá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù kúrò lójú ọdún rẹ̀, wọ́n ṣe èyí tó tẹ̀ lé e ní 1994. Raisa kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ Nọ́wè ti kọjá mẹ́wàá báyìí. Bjørn Dæhlie gba 12, Marit Bjørgen gba 15. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá Syktyvkar, olú ìlú Komi, orúkọ Raisa Smetanina ni pápá síkì ńlá wọn ń jẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń kọ́ eré.

Wúrà mẹ́rin, fàdákà márùn-ún, bàbà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá tẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú mi pé kí n tọ́ka sí èyí tó ga jù, n kò ní fọwọ́ kan wúrà. Bàbà Canmore yẹn ni.