Ọpẹ́ Nígbà Ìṣòro

Ẹ̀yin ará Massè àti ìgbèríko Adja-Ouèrè, nígbà tí ọ̀dá bá dá, tí àgbàdo sì gbẹ lóko, ǹjẹ́ Kristẹni lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láìpurọ́?

Ẹ gbọ́ ìtàn Samuel Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé inú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì dé Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì di Kristẹni.

Nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀, ó ní ọjọ́ ìbànújẹ́ ni ọjọ́ tí a mú òun. Síbẹ̀, ó kà á sí ọjọ́ ìbùkún pẹ̀lú. Kò pe ibi ní ire. Ó sọ ìrora rẹ̀, ó sì dúpẹ́ fún ọ̀nà tí Ọlọ́run là. Ní ọdún 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Nítorí náà, ẹni tí oko rẹ̀ gbẹ lè sunkún níwájú Ọlọ́run. Lẹ́yìn ẹkún, kí ó mú ìwé àti kálámù, kí ó kọ ohun kan tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀: ọmọ tí ara rẹ̀ dá, aládùúgbò tí ó fún un ní irúgbìn. Kí ó dúpẹ́ nítorí rẹ̀, kí ó sì gbé ọkọ́ padà sóko.