Gbàǹjo Tí Kò Ní Ariwo

Ọwọ́ mẹ́rin nà sí àárín tábìlì, gbogbo wọn ní dídì. Kò sẹ́ni tó mọ iye owó eré tó wà nínú ìkúùkù ẹnìkejì. Wọ́n jọ la ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù sì gbé àwòrán lọ.

Ọ̀kan nínú oríṣi gbàǹjo 5 tó wà nínú Modern Art nìyẹn, eré orí tábìlì tí Reiner Knizia, ọmọ Jámánì tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, gbé jáde ní 1992. Oníṣòwò àwòrán ni gbogbo àwọn tó ń ṣe é. Níbi gbàǹjo aláriwo, bí ẹnìkan bá pe 10,000, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á pe 11,000. Níbi ti ìkọ̀kọ̀, kò sí owó ẹlòmíràn téèyàn lè fi díwọ̀n tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni eré náà ti ń dùn jù. Ká ní ẹnìkan di 26,000 sọ́wọ́, tí àwọn yòókù di 15,000, 12,000 àti 9,000. Ó rà á lóòótọ́, àmọ́ 16,000 ìbá ti tó. Alátakò tó gbé àwòrán náà sílẹ̀ fún títà ló kó gbogbo 26,000 náà sápò. Bẹ́ẹ̀, ní ìpele kìíní, báńkì eré kì í san ju 30,000 lọ lórí àwòrán kan, ìyẹn bó bá jẹ́ ti olùyàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde jù. Ti ẹni kejì jẹ́ 20,000, ti ẹni kẹta 10,000, ti àwọn yòókù òfo. Bí gbogbo nǹkan bá tiẹ̀ ṣẹnuure, èrè ẹni tó rà á kò ju 4,000 lọ. Ojú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà máa ń wà lára àwòrán, wọn kì í wo ẹni tí wọ́n ń sọ di olówó.

William Vickrey, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ti ronú sí irú àdánù yìí nínú ìwé tó kọ ní 1961: kí ẹni tí owó rẹ̀ ga jù gba ọjà, ṣùgbọ́n iye tí ẹni kejì dá ni kó san. Oníbàárà wa ìbá san 15,000 péré. Vickrey gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996, ó sì kú ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kéde rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò sí nínú Modern Art, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ìbẹ̀rù àsanjù ló ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n kó tó là.

For Sale, eré orí tábìlì tí Stefan Dorra ṣe ní 1997, gba ọ̀nà mìíràn. Ní apá kejì rẹ̀, káàdì ilé, láti 1 dé 30, ni wọ́n ń dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí wọ́n tó jọ ṣí i. Ilé tó tóbi jù á gba sọ̀wédowó tó tóbi jù, ilé tó kéré jù á gba sọ̀wédowó tó kéré jù. Bí sọ̀wédowó 14,000, 13,000 àti 12,000 bá wà nílẹ̀ fún ẹni mẹ́ta, ẹni tó ju ilé 30 síbẹ̀ fi 2,000 péré ju ẹni tó ju ilé 3 lọ.