Ẹni Tó Gba Àlejò Lónìí Lè Di Àlejò Lọ́la: Ẹ̀kọ́ Ìbágbépọ̀ Láti Agbègbè Òkukù

Kò sí ìlú tó lè gbèrú bí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ bá ń fojú ọ̀tá wo ara wọn nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dójú ọ̀gbagadè, a máa ń gbàgbé. Ìtàn Òkukù, Ìkìrun àti Ìníṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ wa ní ìlànà mẹ́ta tí kò yẹ kí á gbàgbé.

Èkíní ni pé kí á ṣe sí àlejò bí a ti fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn da agbègbè náà rú, àwọn ará Òkukù sá lọ forí pamọ́ sí Ìkìrun. Ara kò rọ Ìkìrun pàápàá, nítorí ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Jálumi lọ́dún 1878. Síbẹ̀, ó gba àlejò.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ìníṣà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wà lára àwọn Yorùbá tó lọ ṣòwò ní Gáná. Wọ́n kọ́lé, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ló fi dúkìá sílẹ̀, tí wọ́n kó ọmọ tí kò mọ ilé mìíràn padà wálé. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Àwọn ará Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwa tí a sunkún lọ́dún 1969 la wá sọ ẹkún ẹlòmíràn di orúkọ àpò: “Ghana Must Go.” Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ó yẹ kí á máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

Èkejì, ìka tó bá ṣẹ̀ ni kí ọba gé. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, aáwọ̀ kékeré ní Sábó di ìjà Yorùbá àti Hausa ní oṣù Kẹta, ọdún 2017. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì jóná. Ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ló ni ọ̀ràn ọ̀daràn. Ẹ̀yà rẹ̀ kò bá a dá a.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ẹ̀sìn. Òkukù tó ń ṣe ọdún Ọ̀tìn náà ló ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa náà ní in. Àríyànjiyàn lórí híjáàbù tó gbóná ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìwó lọ́dún 2016 fi hàn pé bí àgbà bá ń fa ẹ̀tọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ọmọ ló ń forí fá a. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Nítorí náà, kí àwọn òbí sọ ìtàn 1969 fún ọmọ wọn, kí wọ́n má sì fi ti 1983 pamọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n ti lé bàbá òun rí, yóò ronú kó tó sọ fún ọmọlọ́mọ pé kó máa lọ sílé rẹ̀.