Ọmọ Ya Àwòrán Sára Ògiri? Ẹ Má Tíì Gbé Bílíìṣì O

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ágége ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin. Wọ́n fi kréyọ́nù ta á lọ́rẹ, ògiri pálọ̀ ló sì fi ṣe ìwé. Ó ya bàbá ẹ̀, ó ya ìyá ẹ̀, ó tún ya dáńfó kan tó gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ilé rẹ́ǹtì ni, wọ́n fẹ́ kó jáde lópin oṣù, lánlọ́ọ̀dù sì ti ní bí ògiri bá dọ̀tí, owó caution ò ní padà.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti da bílíìṣì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ́ da oògùn tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn "kó lè lágbára". Mo pariwo: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró!"

Ìdí rèé. Sodium hypochlorite ló wà nínú bílíìṣì. Hydrochloric acid ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Tí méjèèjì bá pàdé, gáàsì chlorine ló ń jáde. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ní Belgium, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ó máa ń ta ojú, ó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, torí náà ìsàlẹ̀ ló ń lọ, níbi tí ọmọdé ti ń mí. Tẹ́ ẹ bá ti ṣèèṣì pò wọ́n pọ̀, ẹ jáde kíá, ẹ gbé ọmọ dání.

Bílíìṣì ọ̀hún gan-an ò lè mú kréyọ́nù kúrò. Ìda tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì ni kréyọ́nù, wọ́n kàn po àwọ̀ mọ́ ọn ni. Omi kì í wọ inú ìda. Ohun tó bá jọra ló ń gba ara wọn mọ́ra: iyọ̀ ń yòrò sínú omi, ìda ń rọ̀ sínú òróró.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí:

Lórí táìsì, gíláàsì tàbí ọ̀dà tó ń dán, ẹ fi òróró díẹ̀ nù ún, kẹ́ ẹ wá fi omi ọṣẹ fọ òróró náà.

Ọ̀dà emulsion tí kò dán máa ń fa òróró mu. Mákílíìn funfun lórí aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi rọra nù ún, torí ó ní lẹ́búlẹ́bú tó ń ha ìda díẹ̀díẹ̀.

Táǹganran báírò ń yòrò sínú álíkóhólù, ẹ lo sánítáísà, kẹ́ ẹ sì jìnnà síná.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́, ẹ má fi sáńdípépà ha ọ̀dà rẹ̀. Ó lè ní òjé nínú, eruku òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Òfin NAFDAC ọdún 2021 ní òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju 90 ppm lọ, ìyẹn gíráàmù 90 nínú odidi tọ́ọ̀nù kan.

Mákílíìn nù bàbá àti ìyá kúrò. Dáńfó ò lọ tán, a wá fi ọ̀dà díẹ̀ bò ó lẹ́yìn tá a ti ha ìda ẹ̀ kúrò, torí ọ̀dà olómi kì í di ìda mú. Ọ̀dà ò jìnnà sí wa ṣá: Berger wà ní Ọba Akran, CAP tó ń ṣe Dulux wà ní Adeniyi Jones, n'Íkẹjà níbí.

Lánlọ́ọ̀dù wá wò ó, ó dá owó padà. Páálí ńlá la wá gbé fún ayàwòrán wa.