Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo ni ayé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí ní Yunifásítì Obafemi Awolowo (OAU), Ifẹ̀?

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá ti wọ yunifásítì ti sinmi? Ẹ gbọ́ ná.



1. Kíláàsì ọdún kìn-ín-ní máa ń kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ìdúró ló máa fi kọ nóòtì, ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni tábìlì.

2. Máàkì (CGPA) ńkọ́? 5.00 ni òkè téńté, 4.50 sókè sì ni first class. Ọdún kìn-ín-ní wà nínú ìṣirò náà o! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà: wọ́n á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ṣì ń wo àyíká. Ẹni tó bá fi 2.10 bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe ni yóò máa ṣe títí yóò fi jáde.

3. Yàrá inú ọgbà kò kárí. Ọ̀pọ̀ ló ń háyà ilé síta.

4. Ìyanṣẹ́lódì? Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi ti kíláàsì pa.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, kí la gbàgbé?