Odò Tiber àti odò Odaw: Kí ni Odawna lè kọ́ lára Róòmù àtijọ́ nípa omíyalé?

Kò sí ẹni tó mọ Accra tí kò mọ Circle. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ trotro ti ń yà lọ sí ọ̀nà gbogbo, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà sì ni Odawna wà, àdúgbò tí ọjà àti èrò kì í wọ́n. Odò Odaw gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀sà Korle, láti ibẹ̀ ló ti ń wọ inú òkun.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Tí òjò bá ti ṣú ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, odò ni ọlọ́jà kọ́kọ́ ń wò kó tó wo oníbàárà.

Wọn kò jẹ̀bi. Ní alẹ́ ọjọ́ Kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀, omi sì bo Circle àti agbègbè rẹ̀. Àwọn èèyàn sá wọ ilé epo kan láti fara pamọ́ fún òjò. Iná sọ níbẹ̀, epo tó ti dàpọ̀ mọ́ àgbàrá sì gbé iná náà kiri. Èèyàn tó lé ní 150 ló kú sínú omi àti iná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ Odawna kọ́ ni ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ dó sí ẹ̀bá odò tó máa ń kún. Ìlú Róòmù, tó jọba lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nígbà náà, bá irú ìṣòro yìí fà á fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Ìbejì tí omi kò gbé lọ

Ìtàn bí wọ́n ṣe dá Róòmù sílẹ̀ gan-an, omíyalé ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọba kan tó ń jẹ́ Amulius pàṣẹ pé kí wọ́n ju ìbejì jòjòló méjì, Romulus àti Remus, sínú odò Tiber, kí wọ́n má baà dàgbà gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Odò ti kún bo bèbè lọ́jọ́ náà, àwọn ìránṣẹ́ ọba kò sì lè dé àárín rẹ̀. Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà sí ibi tí omi kò ti jìn. Nígbà tí omi fà, ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n wà. Abo ìkookò kan fún wọn lọ́mú, kí darandaran kan, Faustulus, tó rí wọn gbé lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, Romulus pa Remus nínú ìjà lórí ibi tí wọ́n máa tẹ ìlú dó sí. Ọdún 753 kí wọ́n tó bí Jésù ni àwọn ará Róòmù ń kà sí ọdún tí ìlú náà bẹ̀rẹ̀.

Kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá pé ìbejì wà nídìí ìtàn ńlá. Àwọn Ga tó ni ilẹ̀ Accra náà kì í fi ìbejì ṣeré: wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn nígbà ọdún Homowo.

Ọjà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àbàtà

Àárín òkè méje ni Róòmù wà, bí wọ́n ṣe máa ń sọ nípa Ìbàdàn. Àbàtà ló wà nísàlẹ̀ àwọn òkè náà, omi Tiber sì máa ń bò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n wá sọ di Forum, ọjà àti gbàgede ìpàdé ìlú.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni ojú àgbàrá kan tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 600 sí 500 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Cloaca Maxima lorúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni gọ́tà tó tóbi jù lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ láìbò, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òkúta bò ó. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà létí odò Tiber títí di òní.

Ta ló ń kó gọ́tà?

Àwọn ará Róòmù kò fi gọ́tà sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní aedile, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bójú tó ọjà, títì àti gọ́tà.

Ní ọdún 33 kí wọ́n tó bí Jésù, Marcus Agrippa gba ipò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ipò tó ga jù ú lọ mú rí. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo gọ́tà ìlú, lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gba inú gọ́tà ńlá náà já sí odò Tiber. Gbogbo ìlú rí i pé ojú ọ̀nà omi ti là.

Síbẹ̀, gọ́tà nìkan kò dá odò dúró. Ọlọ́rọ̀ ń gbé orí òkè Palatine, ọ̀pọ̀ tálákà sì wà ní ibi tó rẹlẹ̀. Nígbà tí Tiber kún ní ọdún 54 kí wọ́n tó bí Jésù, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi bíríkì mọ ló rin gbingbin tó sì wó.

Ìpàdé tí kò yanjú nǹkan

Ní ọdún 15 lẹ́yìn ìbí Jésù, odò náà tún kún, ilé wó, èèyàn kú. Olú ọba Tiberius ní kí àwọn méjì lọ wá ojútùú. Wọ́n dábàá pé kí wọ́n darí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ Tiber gba ibòmíì.

Àwọn ìlú tọ́rọ̀ kàn fárí gá. Àwọn kan ní omi náà máa ya wọ oko àwọn. Àwọn ará Reate ní àwọn baba àwọn ti ń bọ àwọn odò yìí, Tiber fúnra rẹ̀ kò sì ní fẹ́ kí ọlá òun dínkù. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò pé kí nǹkan wà bó ṣe wà.

Ẹni tó mọ̀ pé òòṣà ni àwọn Ga ka ọ̀sà Korle sí kò ní fi ọ̀rọ̀ Reate rẹ́rìn-ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí ló yẹ ká wò.

Lẹ́yìn omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1870 ni ìjọba Ítálì tó pinnu láti mọ ògiri gíga sí bèbè Tiber. Ọdún 1876 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó lé ní 1,800 ọdún lẹ́yìn ìpàdé Tiberius.

Láti Ògùnpa dé Odaw

Ìbàdàn mọ ìrora yìí. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Omíyalé mìíràn pa èèyàn tó lé ní 100 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kí Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé níbẹ̀.

Iye kan náà ni báńkì ọ̀hún fọwọ́ sí fún Accra ní ọdún 2019, lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní GARID, kí wọ́n lè gbẹ́ odò Odaw, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ṣe.

Owó yẹn ṣe pàtàkì, àmọ́ ìtàn Agrippa fi hàn pé kíkó gọ́tà kì í ṣe iṣẹ́ àṣemọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú Odaw ni òjò ń gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike padà sínú rẹ̀ láti òkè.

Ogún Róòmù wà lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́. Lẹ́tà tí Ajayi Crowther fi kọ Yorùbá sílẹ̀, ti Róòmù ni. Ọ̀rọ̀ Látìn ló bí "Circle". Orúkọ òyìnbó tí oṣù Kẹfà ń jẹ́, Juno, òrìṣà Róòmù, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti wá.

Oṣù Kẹfà yẹn kan náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọlọ́jà Odawna. Róòmù ráyè dúró di ọdún 1876. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà létí Odaw kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí kò ju ọdún kan lọ kí òjò míì tó dé.